Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tí Ń Kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Oòduà tí ẹ ń kàwé ní Sàmárù, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń wí pé etí nìkan ni ẹ̀kọ́ ń gbà wọ àwọn lára, tí àwọn mìíràn sì ní àfi ohun tí ojú bá rí. Lóòótọ́, orí ò jọ orí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní ní Amẹ́ríkà ní 2008 kò rí ẹ̀rí tó péye pé kíkọ́ ènìyàn lọ́nà tí ó yàn láàyò ni yóò mú un mọ̀wé jù. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ojú àti etí ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ yà sí ilé kéú kan ní Túdùn Wàdá, kí ẹ wo ọmọdé tí ó gbé wàláà lé itan: ọwọ́ rẹ̀ ń fi gègé àti tàdáwà kọ̀wé, ojú rẹ̀ ń tọ ìlà, ẹnu rẹ̀ ń ké e, etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fi omi fọ wàláà náà tán, ohun tí ó há sórí kò ní bá omi lọ. Bákan náà, Uche Okeke, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, gbọ́ àlọ́ Ìgbò, ó sì fi ọwọ́ yà á kí ojú lè rí i. Nítorí náà, bí àlàyé yín kò bá yé ẹnìkejì yín, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ yà á sórí ìwé fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà sọ ọ́ padà fún yín.