Bí A Ti Ń Ka Ìwé Àyẹ̀wò PSA

A ti ka lẹ́tà ọmọ, a sì ti ka ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lónìí, ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé tí ọkùnrin tí ó ti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé-ìwòsàn ńlá ní Adó lè mú bọ̀ wálé.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: PSA 6.8 ng/mL. Ẹ ṣọ́ra o! Kì í ṣe méjìdínláàádọ́rin. Àmì kékeré kan wà láàárín 6 àti 8, bí àmì ìdánudúró. Mẹ́fà ni, àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá rí àmì yìí, ìbẹ̀rù lè pa á kí ó tó délé. Ng/mL, ìwọ̀n ni, bí kóńgò ti jẹ́ ìwọ̀n lọ́jà. Ẹ ó tún rí 0–4.0 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò fi ń wò ó nìyẹn.

Kí ni PSA gan-an? Ẹran kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí kò ju awùsá kan lọ nígbà ọ̀dọ́. Pírósítéètì ni àwọn dókítà ń pè é. Oje kan ń ti ara rẹ̀ jáde tí í mú kí àtọ̀ ṣàn. Inú oje náà ni PSA wà, díẹ̀ a sì máa bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá mú ẹran náà, PSA inú ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó lè pọ̀ bákan náà bí ẹran náà bá kàn wú nítorí àgbà, bí kòkòrò àìsàn bá wọ inú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́bà fa ìtọ̀, tàbí bí ènìyàn bá bá aya rẹ̀ sùn lálẹ́ àná. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, dókítà lè béèrè.)

Nítorí náà, 6.8 kò wí pé jẹjẹrẹ ni. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọkùnrin 4 tí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran náà wò nítorí pé PSA wọn ga, bí ẹnì 1 ni wọ́n ń bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ta oko kòkó. Kí ó má sì ki ìwé náà bọ abẹ́ ẹní, kí ó máa mu àgbo kiri: jẹjẹrẹ yìí kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, àwa aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń mú jù. Kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó sọ̀rọ̀ gígé ẹran wò. Ẹ mú ìwé àtijọ́ dání: 2.1 tí ó di 6.8 láàárín ọdún kan yàtọ̀ sí 6.5 tí ó di 6.8.

Nọ́ńbà kékeré náà lè tanni jẹ. Oògùn kan wà fún ẹran tó wú, finasteride, tí í dín PSA kù tó ìdajì. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn yín lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ 12.5, 1.25 àti 0.9 sínú ìwé yín, kí ẹ kà wọ́n sókè. Èwo ni ó ju 4.0 lọ?