Láti Dẹ́lì dé Tókíyò

Ìlú ńlá Dẹ́lì wà ní apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Tókíyò, olú-ìlú ilẹ̀ Jàpáànù, wà ní ọ̀nà jíjìn sí i ní ìhà ìlà-oòrùn. Bí a bá ta okùn láti ọ̀kan dé èkejì ní ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ, okùn náà yóò fi díẹ̀ gùn ju 5,800 kìlómítà lọ. Bí àlọ ti jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni àbọ̀ jìn tó. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé àkókò kan náà ni ọkọ̀ òfurufú ń lò ní àlọ àti ní àbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí a sọ pé arìnrìn-àjò kan gbéra ní Dẹ́lì ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ sí Tókíyò, agogo ibẹ̀ yóò ti lu méje òwúrọ̀. Bí ó bá ka wákàtí wọ̀nyí, yóò rí mọ́kànlá. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó kúrò ní Tókíyò ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ó sì dé Dẹ́lì ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún kà á, ó rí wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Lójú tirẹ̀, àlọ ni ó pẹ́, àbọ̀ ni ó yá.

Agogo ni ó tan án jẹ. Oòrùn a máa yọ ní Tókíyò kí ó tó yọ ní Dẹ́lì; nítorí náà agogo Tókíyò fi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ṣáájú ti Dẹ́lì. Bí ó bá yọ èyí kúrò nínú wákàtí àlọ, yóò ku méje ààbọ̀. Bí ó bá fi í kún ti àbọ̀, yóò di mẹ́sàn-án. Àlọ gan-an ni ó yá.

Afẹ́fẹ́ ni ó fa èyí. Ní òkè réré, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sókè, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ńlá ń gbà, afẹ́fẹ́ líle kan ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ń lọ sí Tókíyò ń bá ìṣàn náà lọ. Èyí tí ń bọ̀ dà bí ẹni tí ń tukọ̀ lòdì sí odò. Ní ìgbà òtútù ni afẹ́fẹ́ náà ń le jù.

Ará Jàpáànù kan, Wasaburo Oishi, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ yìí. Ní Tateno, tí kò jìnnà sí Tókíyò, ó ń rán bàlúùnù lọ sókè, ó sì ń ṣọ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé wọn lọ. Ní 1926 ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní Esperanto, èdè tí a dá sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè máa fi gbọ́ra wọn yé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kò pọ̀, ìròyìn náà kò sì tàn kálẹ̀. Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà bá afẹ́fẹ́ yìí pàdé ní òjijì lókè Tókíyò, ó sì ń gbé bọ́ǹbù wọn gba ibòmíràn. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ti wà nínú ìwé fún ọdún méjìdínlógún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìrìn-àjò yóò ti pẹ́ tó, kí ó má wọn ilẹ̀ nìkan. Kí ó béèrè ibi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń yọ, kí ó sì béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.