BÍ A TI Í KỌ ÌWÉ ÌTÀN IṢẸ́ ARA ẸNI
Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń wá iṣẹ́ ní Aráròmí àti agbègbè rẹ̀

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ máa ń kọ nípa ara rẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń pè ní CV. Láti inú èdè Látìn àtijọ́ ni lẹ́tà méjì yìí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ipa ọ̀nà tí ènìyàn ti tọ̀ láyé lọ. Àwa yóò máa pè é ní ìwé ìtàn iṣẹ́. Bí ẹni tí ó mọ̀wé bá ń kà á sétí àwọn tí kò mọ̀wé, kí ó rọra kà á, nítorí pé ẹ̀kọ́ yìí kan bàbá àti ìyá tí ń rán ọmọ lọ síbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí a wà. Òkun ni iwájú wa, ọ̀sà àti irà ni ẹ̀yìn wa. Igbókòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Àkúrẹ́ tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ sì wà lókè réré. Èkó ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fi ṣe ibùjókòó. Ọ̀gá tí yóò yan òṣìṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kò mọ ojú wa, kò mọ ilé bàbá wa, kò sì rí wa lórí omi rí. Ìwé nìkan ni ó dé iwájú rẹ̀. Ohun tí ìwé náà kò bá sọ fún un, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré létíkun yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí ibùdó ìwapo tí a ń pè ní Parabe, ti ilé-iṣẹ́ Chevron, lójú agbami. Iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú àtúnṣe omi àti ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ènìyàn méjì ni ó kú níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé. Ẹjọ́ rẹ̀ sì dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-ẹjọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni a ti ní òfin ọdún 2010 tí ó pàṣẹ pé kí a kọ́kọ́ ro ti ọmọ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ epo. A sì ní òfin ọdún 2021, tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tí ó gbà á lálejò. A kò wí pé òfin wọ̀nyí ti tó. Ṣùgbọ́n bí òfin tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú, orúkọ ẹnì kan pàtó ni a ó pè wọlé, ìwé ni yóò sì gbé orúkọ náà dé etí ẹni tí ń pè.

Àṣìṣe kan wà tí ó pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníwèé mẹ́wàá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn yóò jókòó, yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò kọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ. Nígbà tí ó bá dé ibi tí ó yẹ kí ó kọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe, yóò kọ pé òun kò ṣiṣẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún mẹ́fà yìí ni ó ti ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì láti Aráròmí lọ sí Igbókòdá, tí ń tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, tí ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, tí ó mọ ìgbà tí ìgbì yóò ru àti ìgbà tí yóò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó ń yan án, ó ń kó o lọ sọ́jà, ó ń ta àwìn, ó sì ń gba gbèsè rẹ̀ pé. Òun náà kọ pé òun kò ṣiṣẹ́ rí. Ta ni ó kọ́ wọn pé kìkì ohun tí a bá ṣe lábẹ́ fáànù ni iṣẹ́?

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ ìwé yìí má ṣe sáré mú Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi kọ ọ́ níkẹyìn, nítorí òun ni èdè tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá rò ó fún àgbàlagbà kan tí kò ní jẹ́ kí ó fẹ́nu lásán sọ̀rọ̀. Kí àgbàlagbà náà máa bi í pé: Ọdún wo ni o bẹ̀rẹ̀, ọdún wo ni o sì fi í sílẹ̀? Kí ni orúkọ irinṣẹ́ tí o lò? Ó tó mélòó? Kí ni ó sunwọ̀n sí i nítorí pé ìwọ ni o wà níbẹ̀? Ta ni ó rí ọ tí ó lè jẹ́rìí? Ẹni tí ó bá ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti kọ ìwé rẹ̀ tán nínú ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi atukọ̀ wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá kọ pé, “Mo mọ ọkọ̀ wà dáadáa, òṣìṣẹ́ takuntakun sì ni mí,” kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí pẹ̀lú lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ pé: “Láti ọdún 2019 di ọdún 2024, mo jẹ́ atukọ̀ ọkọ̀ èrò láti Aráròmí sí Igbókòdá. Ọkọ̀ náà gba ènìyàn 12, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 40. Èmi ni mo ń tún ẹ́ńjìnì náà ṣe. Mo ń rí i pé èrò kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù ìléfòó kí a tó ṣí, èrò kankan kò sì kú tàbí fara pa lọ́wọ́ mi,” ọ̀gá tí ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó epo yóò gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, yóò tún un kà. Ẹ kíyè sí i pé kò yin ara rẹ̀ nínú gbólóhùn kankan. Iye àti ọdún ni ó yìn ín. Kí ó sì dájú pé òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé wọn yóò bi í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ta ẹja pẹ̀lú, bí iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù bá ṣí sílẹ̀, kí ó kọ iye agbọ̀n tí ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀, iye àwọn oníbàárà tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé inú ìwé ni òun ń kọ àwìn sí. Ẹni tí ó lè ṣọ́ ẹja tí ń bàjẹ́ títí yóò fi dọ́jà, tí owó rẹ̀ kò sì dín, kò ní pàdánù páálí ìṣó.

Ohun mìíràn ni pé ìwé kan ṣoṣo kò tó fún gbogbo iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1482, Leonardo da Vinci, ará Ítálì, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ayàwòrán, kọ ìwé sí Ludovico Sforza, olórí ìlú Milan, pé òun ń wá iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ogun ni ó ń jẹ olórí náà lọ́kàn nígbà náà. Leonardo kò fi àwòrán bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó sọ nípa afárá fífúyẹ́ tí a lè rù kiri, ó sọ nípa àgbá ìbọn, ó sọ nípa ihò gbígbẹ́ gba abẹ́ odi, ó sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tí ọta ìbọn kò ní ràn. Ìgbà tí ìwé náà ń parí lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu ba àwòrán yíyà. Ó sì fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, òun ti múra tán láti ṣe é lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí atukọ̀ wa ṣe: bí iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó ń wá, kí ọkọ̀ ṣíwájú, bí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, kí ẹ́ńjìnì ṣíwájú. Bí ó bá sì ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń pè ní Trade Test, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa ń ṣe, kí ó kọ ọ́ síbi tí ojú yóò ti tètè bà á. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ni kò gbọ́ nípa ìdánwò yìí rí. Ó yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀.

Ìyókù kò le. Orúkọ ni yóò wà lókè, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti í-méèlì. Lẹ́yìn náà iṣẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó dé kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Bí iṣẹ́ ìjọba ni, kí a kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti wá, nítorí pé wọn yóò béèrè. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó ni a ń kọ ọ́ sí, ní Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà, a kì í kọ ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, tàbí bóyá a ti gbéyàwó. Níbikíbi tí ó bá jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tàbí BVN sínú ìwé yìí. Ẹni tí ó bá sì ní kí o san owó kí a tó ka ìwé rẹ, kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ní lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ń dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀, nítorí náà a ó dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, orúkọ tí ó wà lórí NIN, àti èyí tí a kọ sórí ìwé ìtàn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti yàtọ̀, kí a lọ búra ní kóòtù kí a sì gba ìwé rẹ̀, kí a tó wá iṣẹ́ rárá. Bákan náà ni ọjọ́ ìbí. Àwọn kan a máa gé ọjọ́ orí wọn kúrú bí ẹni ń gé okùn àwọ̀n. Ní ọdún 1999, Salisu Buhari, tí í ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, fi ipò náà sílẹ̀ pẹ̀lú omijé nígbà tí ó hàn gbangba pé ọdún 1970 ni a bí i, kì í ṣe 1963 tí ó kọ sílẹ̀, àti pé kò gboyè kankan ní Yunifásítì Toronto. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Ọbásanjọ́ dárí jì í lẹ́yìn náà. Bí ìwé bá lè já irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí àga gíga, kí ni kò ní ṣe fún akọ̀wé kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà?

Ó ku àwọn ẹlẹ́rìí. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè, kì í sì í ṣe ẹbí: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ni ọkọ̀ tí o wà, alága ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀, tàbí olórí ìjọ. Kí o lọ bá wọn, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ àyè kí o tó kọ orúkọ wọn. Kí o sì ka ohun tí o kọ fún wọn, kí ẹnu yín má bàa yàtọ̀ síra lọ́jọ́ tí fóònù bá dún. Ẹni tí a kò sọ fún lè fi òtítọ́ inú dáhùn pé òun kò mọ̀ ọ́.

Kí ìwé náà má ju ojú ewé méjì lọ. Ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀, ojú ewé kan tó o. Kí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ọ́ lọ kà á kí o tó fi ránṣẹ́. Bí o bá lọ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Igbókòdá, má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń bá ọ tẹ̀ ẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyìn tirẹ̀ kún un, nítorí ìwọ ni wọn yóò bi ní ìbéèrè, kì í ṣe òun. Sọ fún un kí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí í-méèlì rẹ, kí o lè rí i tún ṣe nígbà mìíràn. Èyí tí ó bá tẹ̀ sórí bébà, fi ọ̀rá wé e méjì kí o tó padà wọnú ọkọ̀.