Kí Ni Yóò Ṣe Bí Iná Bá Dé?

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń gbé smart plug, púlọ́ọ̀gì tí a ń fi fóònù darí, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí: “Ọ̀gá, báwo la ṣe ń fláàṣì ẹ̀?” Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé, “Ọ̀gá, bí mo bá fláàṣì ẹ̀ tán ńkọ́?” Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ti èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Púlọ́ọ̀gì yìí, bó ṣe wà nínú páálí tí ẹ rà á, púpọ̀ nínú wọn kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín tààrà. Ẹ tẹ fóònù nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ náà á jáde nílé, á gun orí dátà lọ bá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, ibẹ̀ ni yóò ti gba àṣẹ kó tó padà wá sára ògiri tí ẹ lè na ọwọ́ kàn. Bí dátà bá tán, ó di kí ẹ dìde lọ tẹ̀ ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì kógbá sílé, ẹ ti fowó ra ẹrù àpatì nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2016 ni ilé iṣẹ́ Nest pa iṣẹ́ Revolv tì, àpótí tí àwọn èèyàn fi ń darí ilé wọn sì di ohun tí kò wúlò mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Insteon dákẹ́ lójijì, àwọn oníbàárà ń tẹ fóònù, gílóòbù ò dáhùn. Ohun tí iṣẹ́ wa wà fún ni pé kí ọ̀rọ̀ ilé má jáde nílé mọ́.

Ètò tó ń gbé inú ẹ̀rọ náà, tí gbogbo wa ń pè ní firmware, la máa ń yọ. A ó wá fi òmíràn tí gbogbo ayé lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, ìyẹn là ń pè ní fláàṣì. Theo Arends, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ Tasmota ní 2016, nítorí àwọn ẹ̀rọ Sonoff. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, ẹ ó rí T àti A orúkọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. ESPHome náà wà, ó dára, pàápàá fún ẹni tó ti ń fi ètò Home Assistant darí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tasmota ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ojú ìwé tirẹ̀ wà nínú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, ẹ lè ṣí i lórí fóònù oníbàárà, kí ẹ fi ohun tí ẹ ṣe hàn án.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀. ESP8266 tàbí ESP32, tí ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai ń ṣe, ni Tasmota ń gbé. Láyé ọjọ́un, kò sí wàhálà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Michael Steigerwald tú àṣírí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo ètò ilé iṣẹ́ Tuya níbi àpérò kan ní Leipzig, láìpẹ́ sí i ni ètò tuya-convert jáde, a sì ń fláàṣì láìtú ìdè kan. Tuya dí ihò yẹn. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì yí ọpọlọ rẹ̀ padà sí ti Beken, BK7231. Páálí kan náà, àwòrán kan náà, inú ti yàtọ̀. Èyí tó bá jẹ́ Beken, OpenBeken ni ẹ máa wá fún un, Tasmota ò lè gbé ibẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ọ̀kan tó kọ́kọ́ rà ṣiṣẹ́. Ẹ ra ẹyọ kan, ẹ tú u, kí ẹ tó ra ìyókù.

Ibi tí mo ti máa ń le mọ́ ọmọ iṣẹ́ la dé yìí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ẹ má wulẹ̀ pa á lórí swíìṣì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ojú yín máa rí i. Nínú ṣájà fóònù, transformer dá ààlà sáàárín iná ògiri àti iná tó ń wọ fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì báyìí, kò sí ààlà kankan. Ibi tí wọ́n kọ GND sí lára bọ́ọ̀dù lè gbé odindi 230V. Ọmọ tó bá so wáyà USB mọ́ ọn nígbà tó ṣì wà lára ògiri, láptọ́ọ̀pù ló máa kọ́kọ́ lọ. Kí ó gbàdúrà pé kó mọ síbẹ̀.

Iná tí ẹ̀rọ náà nílò, láti ara adapter USB kékeré tí ẹ fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò ti wá. Àyè wà lára púpọ̀ nínú wọn tí ẹ ti ń yan 3.3V tàbí 5V. 3.3V ni tiwa. 5V lè jó o pátápátá. Wáyà mẹ́rin péré ni: iná, GND, TX àti RX. TX ni ẹnu, RX ni etí. Ẹnu èyí la ń so mọ́ etí ìyẹn. Ẹni tó bá so ẹnu mọ́ ẹnu, ẹ̀rọ méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, kò ní sí ẹni tó ń gbọ́. GPIO0 sì gbọ́dọ̀ ti kan GND kí iná tó wọlé. Lára ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì, Sonoff S31 fún àpẹẹrẹ, bọ́tìnnì ojú rẹ̀ ló wà lórí GPIO0. Nítorí náà ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ẹ ki USB bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ ka ti àtijọ́ jáde, kí ẹ fi pamọ́. Àṣẹ read_flash inú ètò esptool ló ń ṣe é. Fún ẹ̀rọ oní 1MB, láti 0x00000 dé 0x100000. Oníbàárà lè yí ọkàn padà lọ́la, kí ó ní kí ẹ dá ẹ̀rọ òun padà bó ṣe wà. Kí lẹ máa dá padà bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀?

Ìyókù kò le. Bí ẹ bá ti kọ Tasmota sínú rẹ̀ tán, ẹ ó rí Wi-Fi kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tasmota, ẹ wọ 192.168.4.1, ẹ fún un ní Wi-Fi ilé, 2.4GHz nìkan ni ESP8266 mọ̀, ẹ fi template tó bá ẹ̀rọ náà mu sí i. Bí rílè, swíìṣì inú rẹ̀, bá ti dún kọ̀ọ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín nìyẹn, ẹ ti ń wá owó iṣẹ́. Ẹ dúró ná.

Láti ìṣẹ́jú tí ẹ ti pa ètò ilé iṣẹ́ rẹ́, ẹ̀yin lẹ ti di ilé iṣẹ́ náà. Ohun tí púlọ́ọ̀gì bá ṣe ní aago méjì òru, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti béèrè. Èmi náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi ṣe iṣẹ́ fún Màmá kan tó ń ránṣọ n'Íbàdàn. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ní kí n so mọ́ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n lè máa pa á láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ nígbà tí Màmá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n lọ sùn. Iná dé ní òru. Òórùn ló jí wọn. Àǹkárá oníbàárà ti jó, tábìlì ti dúdú, ọpẹ́lọpẹ́ pé Màmá kì í sùn wọra. Nígbà tí mo yẹ púlọ́ọ̀gì wò, kò ní àrùn kankan. PowerOnState rẹ̀ wà lórí 3, bí Tasmota ṣe máa ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé bí iná bá dé, kí ó padà sí bó ṣe wà kí iná tó lọ. Ó wà ní títàn, ó sì padà sí títàn. Nílùú tí iná kì í lọ, ọgbọ́n nìyẹn. Nílé Màmá, èmi ló yẹ kí n yí i. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ń gbóná, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, ríìngì tí wọ́n fi ń bọmi, 0 ni mo ń fi sí i: kí ó wà ní pípa títí ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Ìṣòro kejì pẹ́ kí n tó rí ìdí rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ọkùnrin kan ń gbàgbé Wi-Fi. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún un ṣe, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó tún di ẹni tí kò mọ ilé tó wà. Mo bú ráútà, mo bú ẹni tó ta púlọ́ọ̀gì. Ìgbà tí mo jókòó nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo fojú ara mi rí i: NEPA mú iná wá, ó lọ, ó dé, ó lọ, fáànù ò tíì yí dáadáa tó fi tún dúró. Tasmota ní àṣà kan: bí iná rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, tí kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láàárín, tó wá dúró nígbà keje, ó máa rò pé ẹni tó ni òun ló ń bẹ òun pé kí òun gbàgbé ohun gbogbo. Wọ́n ṣe é láti fi yọ ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́ta. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ni NEPA. SetOption65 1 ni mo fi pa á. Bí mo bá nílò àtúnṣe báyìí, mo máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ̀rọ yìí ò ní bátìrì aago. Bí iná bá lọ tó sì dé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń béèrè aago tó lù. Bí dátà bá ti tán nígbà náà, gbogbo àkókò tí ẹ ṣètò fún un, bíi “tan gílóòbù ìta ní aago méje”, kò ní ṣiṣẹ́, nítorí kò mọ̀ pé aago méje ti lù. Ẹ ní kí ó máa béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà inú ilé tó ní bátìrì aago tirẹ̀, NtpServer ni ẹ máa yí. Ẹni tó ń pariwo pé ilé òun kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í léèrè aago.

Ẹ fi WebPassword sí i, nítorí ó ń wá láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, àwọn ọmọ àdúgbò mọ Wi-Fi ilé náà ju onílé lọ. Bó bá ń wọn iná, ẹ fi gílóòbù onífílámẹ́ǹtì tí ẹ mọ wáàtì rẹ̀ àti mítà yín tún òǹkà rẹ̀ ṣe, kí ẹ tó sọ iye owó tí fíríìjì ń jẹ fún ẹnikẹ́ni. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ 10A sí, ẹ má so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ ọn. Iná tí mọ́tò máa ń fà nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ lọ́nà púpọ̀, ẹnu rílè lè lẹ̀ pọ̀, bí ẹ bá sì pa á lórí fóònù, omi á máa dà lọ. Kọ́ńtákítọ̀ ni kí ẹ fi sáàárín.

Kí ẹ tó gba owó iṣẹ́, ẹ pa méènì ilé náà lójú onílé, ẹ yọ ráútà, ẹ dá iná padà, kí ẹ sì jókòó tì í kí ẹ jọ wo ohun tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣe.