Ṣé Àwọ̀ Inú Bọ́tà Léwu?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyàwó ilé kan ní àdúgbò mi gbé agolo bọ́tà wá bá mi. Ó ti ka ara agolo náà, ó rí i pé wọ́n kọ "E160a" sí i, ẹ̀rù sì bà á.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ni àwọn ọmọ mi fi ń jẹ búrẹ́dì ní àràárọ̀. Ṣé kì í ṣe májèlé ni?"

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù fún àwọn èròjà kárótìn ni E160a. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni bẹ́tà-kárótìn. Òun ni ó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, òun kan náà ni ó pọ̀ nínú epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀. Láti ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe é fún títà.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni ó wà fún. Bí a bá jẹ ẹ́, ara a máa sọ ìwọ̀n tí ó bá nílò nínú rẹ̀ di fítámì A, èyí tí ojú ń lò láti ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ lájẹjù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí ọsàn, yóò sì lọ bí ó bá dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹyinjú bá pọ́n pẹ̀lú, kì í ṣe kárótìn mọ́. Ó lè jẹ́ ibà pọ́njú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Inú ìyá náà dùn. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ra oògùn oníhóró rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ, kí ó lè máa bá a fọ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí sìgá tí ó ń mu."

Ibẹ̀ ni àyà tèmi já. Ohun tí kò léwu ni ó ń bẹ̀rù, èyí tí ó léwu ni ó fi owó ara rẹ̀ rà wálé!

Ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn dókítà kó ọkùnrin amusìgá 29,133 jọ. Wọ́n rò pé bẹ́tà-kárótìn yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní mìlígíráàmù 20 lójoojúmọ́, fún ọdún 5 sí 8. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àrùn náà fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n lo mìlígíráàmù 30 pẹ̀lú fítámì A fún, ni wọ́n dá dúró ní 1996 kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé àrùn náà fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i.

Àwọn tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2012. Wọ́n ní bí èyí tí a fi pa oúnjẹ láwọ̀ àti èyí tí a ń lò bí oògùn kò bá tó mìlígíráàmù 15 lóòjọ́ lápapọ̀, kò sí ìbẹ̀rù, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ amusìgá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi ara yín pé, "Ṣé ó dára?", ẹ tún bi í pé, "Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Ta ni yóò sì lò ó?" Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ bọ́tà wọn níwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí amusìgá má ṣe ra hóró bẹ́tà-kárótìn láìbi dókítà. Kò sí oògùn tí í fọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò fi sìgá sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ ìyá náà fúnra rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn mi. Ó gbé páálí sìgá rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi bí n ó ti fi í sílẹ̀."

Ìyẹn ni a ó jọ gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.