Bí Ojú Òfurufú Bá Dí: Ètò Tí Àwọn Olùdarí Ọkọ̀ Òfurufú Ń Ṣe Sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè pé níbo ni ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú wà, yóò na ìka sókè, yóò sì wí pé, "Gbogbo ojú ọ̀run ni." Ìdáhùn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Òfurufú tí ó wà lókè orí wa ní ààlà, ó ní ọ̀nà tí a fi nọ́ḿbà àti orúkọ sọ, ó sì ní oníbodè. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kì í sábà dé ibẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí èmi pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jọ yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá jù lọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn bodè wọ̀nyí bá tì lójijì, tí ọkọ̀ tí ó kún fún ènìyàn sì ti wà lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí wọ́n péjọ ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà parí ìwé àdéhùn kan. Liberia nìkan ni ó jókòó níbẹ̀ láti apá ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí abẹ́ àkóso àwọn aláwọ̀ funfun ni àwa yòókù wà nígbà náà. Ohun tí ìwé náà kọ́kọ́ sọ ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òfurufú tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó gbà pẹ̀lú pé ìjọba lè ti òfurufú rẹ̀ nítorí ogun tàbí nítorí ààbò ará ìlú. Ṣùgbọ́n àjọ tí àdéhùn náà bí, èyí tí à ń pè ní ICAO, fi òfin mìíràn tì í lẹ́yìn: ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ìdarí ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ ní ètò tí ó ti ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ tí iṣẹ́ náà lè dúró, kí ó sì ti bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ẹ fi òfin méjèèjì wọ̀nyí sọ́kàn. Ẹni tí ó ni ilẹ̀kùn lè tì í nígbà tí ó bá rí i pé ó yẹ, ṣùgbọ́n àlejò tí ó wà lójú ọ̀run kò lè dúró sí ojú kan láti gbọ́ àlàyé.

Ààlà òfurufú kì í fi gbogbo ìgbà bá ti ilẹ̀ mu. Kano ni a fi sọ òfurufú Nàìjíríà lápapọ̀. Àjọ NAMA ní ń ṣe àkóso rẹ̀, àwọn olùdarí tí ó wà ní Èkó sì ń mójú tó apá gúúsù. Roberts ni orúkọ èyí tí Guinea, Liberia àti Sierra Leone pawọ́ pọ̀ ń ṣe. (Nígbà tí ogun abẹ́lé jà ní Liberia, ogun lé ọ́fíìsì Roberts kúrò ní ibùjókòó rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ìlú mìíràn. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ náà ju ilé tí a ti ń ṣe é lọ.) Ní apá àríwá wa ni Niamey wà, tí òfurufú Nìjẹ̀r àti ti Burkina Faso wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Abẹ́ ASECNA ni Niamey wà, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Senegal ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, tí olú-ilé rẹ̀ sì wà ní Dakar. Accra wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, N'Djamena ní àríwá-ìlà-oòrùn.

Ọkọ̀ tí ó bá ti London ń bọ̀ wá sí Èkó ní ọ̀nà tààrà yóò bá àwọn ti Algiers sọ̀rọ̀, yóò bá Niamey sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà Kano, kí ó tó di ti Èkó. Kí ó tó dé ààlà, Niamey yóò ti pe Kano: orúkọ ọkọ̀ nìyí, ibi gíga tí ó wà nìyí, ìṣẹ́jú tí yóò kan ààlà nìyí. Kano yóò dáhùn pé òun gbà á. Bí abiyamọ ti ń gbé ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni: ẹni tí ń gbé e sílẹ̀ kì í yọ ọwọ́ títí ẹni tí ń gbà á yóò fi dì í mú.

Wàyí o, bí ẹni tí yóò gbà á kò bá sí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn Nìjẹ̀r ti ọdún 2023, nítorí ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Nàìjíríà jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá a padà sípò. Àjọ náà fi òfin de ọkọ̀ òfurufú tí ó bá ń lọ sí Nìjẹ̀r tàbí tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ó sì sọ pé òun lè lo ipá. Ọ̀sẹ̀ náà pé ní ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹjọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ológun kéde pé àwọn ti ti òfurufú Nìjẹ̀r fún gbogbo ọkọ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé a fẹ́ gbógun tì wọ́n.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí alẹ́ túmọ̀ sí. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń rìn láàárín Europe àti gúúsù Áfíríkà. Àwọn kan ti gbéra, ọ̀nà tààrà sì ni a fi wọn epo wọn. Àwọn mìíràn ní láti yí padà lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ Nìjẹ̀r kò kéré. Ó tó 1,267,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà kò ju 923,768 lọ. Ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Líbíà wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Nìjẹ̀r. Láti ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń yẹra fún un. Sudan wà ní ìlà-oòrùn. Òfurufú rẹ̀ ti tì láti ìgbà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023 kan náà. Chad ṣí sílẹ̀ ní àárín wọn, ṣùgbọ́n ibo ni ọkọ̀ tí ń ti àríwá bọ̀ yóò gbà wọ inú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé Líbíà, Sudan àti Nìjẹ̀r ni ó yí i ká ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ilẹ̀kùn mẹ́ta tì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì sé yàrá kẹrin mọ́.

Ohun tí ó kù ni kí wọ́n yà sí ìwọ̀-oòrùn, gba Algeria àti Mali, tàbí kí wọ́n gba etí Òkun Àtìláńtíìkì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n yà sí ìlà-oòrùn, gba Íjíbítì àti Òkun Pupa. Ọ̀nà àwọn kan fi 1,000 kìlómítà gùn sí i. Ọkọ̀ ńlá a máa rin nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan, nítorí náà ó ju wákàtí kan lọ tí a fi kún ìrìn-àjò. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bíi Airbus A330 lè jó epo tí ó tó tọ́ọ̀nù 5 sí 6 láàárín wákàtí náà. Awakọ̀ pẹ̀lú ní iye wákàtí tí òfin gbà kí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ré e kọjá, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ẹlòmíràn gbà á. Air France dá ìrìn-àjò rẹ̀ sí Ouagadougou àti Bamako dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án kí Nìjẹ̀r tó tún ṣí òfurufú rẹ̀ fún ọkọ̀ èrò.

Gbogbo ẹrù tí Niamey sọ kalẹ̀, orí àwọn aládùúgbò ni ó bọ́ sí. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan kò kọlu èkejì ní gbogbo oṣù náà. Kì í ṣe oríire lásán. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá dúró di alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wá nọ́ḿbà tẹlifóònù aládùúgbò rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Kí ni ó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni pé a dín iye ọ̀nà kù. Dípò ọ̀nà púpọ̀ tí ó gba ara wọn kọjá, a yan díẹ̀ tí ó gùn gbọọrọ. Èkejì ni gíga. Ní ọjọ́ gbogbo, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ni ó ń wà láàárín ọkọ̀ méjì tí ó bá pàdé lókè ní apá tiwa, láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 tí a ti mú òfin náà lò ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ ìṣòro, a ó fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní gíga tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà méjì bá tilẹ̀ gba ara wọn kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò sì wò wọ́n, ọkọ̀ wọn kò ní bá ara wọn pàdé. Lẹ́yìn náà ni àlàfo láàárín ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Bí a bá ní kí ìṣẹ́jú 15 wà láàárín wọn, ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀: pẹ̀lú eré 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ó di 225 kìlómítà. Nígbà náà ni wọn yóò mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó gbéra ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà kò lè gba ju iye kan lọ ní wákàtí kan.

Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nítorí pé ibi púpọ̀ wà lórí aṣálẹ̀ wa tí ohùn olùdarí kì í ti dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ dáadáa, àwọn awakọ̀ ní ojú rédíò kan tí gbogbo wọn ń tẹ́tí sí, èyí ni 126.9. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń kéde ara rẹ̀: orúkọ mi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, gíga mi nìyí, ibi tí mo dorí kọ àti ìṣẹ́jú tí n ó dé ibẹ̀ nìyí. Kò sí ẹni tí ń dá wọn lóhùn láti ilẹ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí ni wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ìṣirò. Ó rán mi létí àwọn awakọ̀ tí ń fun fèrè ní kọ́nà tóóró, kí ẹni tí ń bọ̀ lódì kejì lè mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀.

Ìdènà kì í ṣe ti ológun nìkan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn olùdarí ọkọ̀ òfurufú ASECNA fúnra wọn ni wọ́n yan iṣẹ́ lódì, tí wọ́n ní ìyà ń jẹ àwọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ púpọ̀ kò lè gbéra ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, èrò sì sùn sí pápákọ̀, kí wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró kí ìjíròrò lè wáyé. Ní ọdún 2010, eérú òkè ayọnáyèéfín Eyjafjallajökull ní Iceland ni ó ti òfurufú Europe fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní oṣù Kẹrin. Nǹkan bí ìrìn-àjò 100,000 ni ó bàjẹ́, òdòdó àwọn àgbẹ̀ Kenya sì rọ sí pápákọ̀ nítorí pé kò rí ọkọ̀ gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni Europe dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa pe gbogbo wọn jọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn pápákọ̀ Abuja rọrùn jù wọ́n lọ: a ti kéde ṣáájú pé a ó tì í nítorí àtúnṣe ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, a kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Kaduna ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, ó sì ṣí padà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ a máa rí àyè kó aṣọ wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹfun ìkọ̀wé àti ilẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó. Ẹ ya Algiers, Niamey, Dakar, Accra àti Kano sílẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró ní ibùdó rẹ̀. Ẹ mú ọmọ mẹ́jọ ṣe ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo máa ń fún àwọn ọmọ tí ó jẹ́ ọkọ̀: ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ dúró, nítorí ọkọ̀ òfurufú kì í dúró sójú kan lókè. Nígbà tí wọ́n bá ti ń rìn, ẹ pàtẹ́wọ́, kí Niamey jókòó, kí ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ má ṣe sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún wọn ṣáájú. Ní ìgbà mẹ́ta tí mo ti ṣe é, gbogbo wọn ni wọ́n rọ́ lu Accra, tí àwọn kan sì ń fi èjìká gbá ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn ọmọ ibùdó ní ìṣẹ́jú 10 láti jókòó papọ̀ láìsí olùkọ́, kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò gba èwo àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá, kí ẹ sì tún eré náà ṣe. Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ Accra kò tíì jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀. Ó yíjú sí ẹni tí ó jẹ́ Algiers, ó bi í pé: "Mélòó ni ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìgbà wo ni ti àkọ́kọ́ yóò sì dé?"