Ọgbà Irin: Ẹsẹ̀ Òpó Ni Agbára Rẹ̀



Àwọn àgbà wí pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ń sọgbà yí ilé rẹ̀ ká wí gidigidi. Igi ni àwọn baba wa fi ń sọgbà, ikán a sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá fi irin ṣe é, yóò rò pé ìyọnu ti tán. Ṣùgbọ́n irin pẹ̀lú ní ikán tirẹ̀. Ìpẹtà ni orúkọ rẹ̀.

Èmi fúnra mi ti rí i. Lọ́dọọdún ni mo ń kun ìlẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà mi ní ọ̀dà, ó sì ń dán. N kò wo ẹsẹ̀ òpó rẹ̀ rí, níbi tí erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà bò mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, bí ọmọ kan ti tì í, òpó kán ní ìdí, ìlẹ̀kùn sì wó lulẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó pa ọmọ náà.

Omi àti afẹ́fẹ́ ní í mú irin dípẹtà. Níbi tí òpó ti wọ ilẹ̀, ọ̀rinrin kì í tètè gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń dé ibẹ̀. Nítorí náà ibẹ̀ ni irin sábà kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ pe àwọn aládùúgbò, kí ẹ jùmọ̀ fojú rí ààlà. Ọgbà tí ó dá ìjà sílẹ̀ kì í ṣe ààbò.

2. Bí òpó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, kí 3 wọ inú ilẹ̀. Kí òpó igun àti òpó ìlẹ̀kùn nípọn ju ìyókù lọ, nítorí àwọn ni ó ń ru ẹrù.

3. Ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Kí orí kọnkéré náà yọ sókè ju ilẹ̀ lọ, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀, kí omi má bàa dúró ti irin. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ẹ tó gbé ìlẹ̀kùn kọ́.

4. Irin tí a fi síǹkì bò ni ó dára jù. Níbi tí a bá ti jó o pọ̀, síǹkì ibẹ̀ ti bàjẹ́; ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì kùn ún. Bí ó bá jẹ́ irin lásán, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀dà mìíràn kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì.

5. Bí irin bá ya ẹnikẹ́ni lára, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn gan. Kì í ṣe ìpẹtà ní í fa àrùn náà. Kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ilẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó erùpẹ̀ kúrò ní ìdí òpó gbogbo, kí ẹ sì fi òòlù kàn án. Bí irin bá ń ṣí bí èèpo igi, ẹ má ṣe fi ọ̀dà bò ó. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ kíákíá. Ẹni tí ó ń kun òkè, tí kò wo ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.